Ohun tá a bá lẹ́yìn ògiri: àkọsílẹ̀ àtúnṣe ilé àtijọ́ kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé níbo niṣẹ́ ilé yẹn dé dúró, ẹ má bínú, eruku ò jẹ́ n rímú mí. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: ilé alájà méjì tó ti dàgbà gan-an, bíríkì ni ògiri ìta, pákó àti pílásítà ni wọ́n fi pín inú ẹ̀, pákó náà ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Nǹkan mẹ́ta péré la ní lọ́kàn láti ṣe, ká yọ pákó ilẹ̀ tó ti jẹrà, ká fa wáyà tuntun, ká sì wó ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó gé pálọ̀ sí méjì tó wá sọ ìdajì ẹ̀ di òkùnkùn. Àmọ́ ilé àtijọ́ ò mọ nǹkan mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá ṣí pákó kan, pákó mẹ́wàá á ní káwọn náà rí yín.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ohun tá a bá nínú ilé yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò tó ohun téèyàn ń tà. Pépà, ìṣó, bíléèdì tó ti dípẹtà. Ibi tá a ti bá wọn, ohun tó wà lókè wọn àti ohun tó wà lábẹ́ wọn, ìyẹn ló sọ fún wa bí wọ́n ṣe gbé inú ilé náà. Ẹni tó bá ń wó ògiri tó ń kó gbogbo ẹ̀ dà sínú àpò sìmẹ́ńtì kan náà, ìdọ̀tí ló kó, àní tí wúrà bá wà nínú ẹ̀.

Kó tó di pé a gbé hámà

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ìlera torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ fò ó. Ilé tó bá ti pẹ́, ẹ gbà pé òjé wà nínú pẹ́ńtì ẹ̀ títí dìgbà tí àyẹ̀wò bá sọ pé kò sí. Amẹ́ríkà ò fòfin de pẹ́ńtì olójé nínú ilé gbígbé títí di 1978, Ìlú Ọba náà ò sì fòfin de asbestos, ohun onífọ́nrán tí eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pátápátá títí di 1999, ẹ wá ro iye ilé tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú ìgbà yẹn wò. Asbestos yìí náà kì í ṣe ti òrùlé nìkan o, ó lè wà nínú lìnó, nínú gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nínú ohun funfun tí wọ́n wé mọ́ páìpù omi gbígbóná. A wọ́n omi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká tó gé díẹ̀ lára ẹ̀, a fi ránṣẹ́ sí láàbù. Lìnó yè é, gọ́ọ̀mù yè é, ti ara páìpù ni ò yè é. Àwọn tó níwèé àṣẹ ló wá kó o, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù bo gbogbo ibẹ̀, àwa jáde nílé. Pẹ́ńtì ojú fèrèsé ní òjé lóòótọ́, ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni ò fi gbọ́dọ̀ fi sáńpépà gbígbẹ kàn án, omi la fi ń rẹ ẹ́ ká tó máa ha á. Ìbòmú aláṣọ ò sì lè ṣe nǹkan kan fún eruku yìí, èyí tó ní asẹ́ ni kẹ́ ẹ rà.

Ìkejì ni àdéhùn. Mo pe Bàbá kápẹ́ńtà, bírikilà àti ẹlẹ́tíríìkì jọ, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹni tó bá rí ohunkóhun lẹ́yìn ògiri, kó má gbé e kúrò níbi tó wà, kó pè mí, tó bá wá jẹ́ ohun tó lówó lórí, báyìí la ṣe máa pín in. A kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa buwọ́ lù ú. Bírikilà bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìṣúra lẹ̀ ń wá ni àbí ilé lẹ̀ ń tún ṣe?" Ilé ni, àmọ́ mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Cleveland ní Ohio. Ní 2006, kọ́ńtírátọ̀ kan ń tún balùwẹ̀ ṣe fún obìnrin kan níbẹ̀, ló bá bá owó nínú ògiri, 182,000 dọ́là, owó tẹ́nì kan ti tọ́jú síbẹ̀ láti ìgbà ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930. Òun àti onílé ò gbà lórí bí wọ́n ṣe máa pín in, ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, àwọn oníròyìn gbé e, làwọn àrólé ẹni tó tọ́jú owó náà bá yọjú wá gba tiwọn. Nígbà tí ẹjọ́ fi máa tán, ohun tó kan kọ́ńtírátọ̀ àtonílé ò tó èyí tí wọ́n ì bá pín níjọ́ àkọ́kọ́. Ìwé pélébé kan ì bá ti parí ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó lọ sí òṣùpá

Apá òkùnkùn pálọ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Lìnó aláwọ̀ ewé kan ló wà nílẹ̀, ó ti gan, ó ń sán tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Lìnó gidi ni o, irú èyí tí Frederick Walton dá sílẹ̀ ní Ìlú Ọba láàárín àwọn ọdún 1860, tó jẹ́ òróró irúgbìn flax àti lẹ́búlẹ́bú èèpo igi ni wọ́n ń pò tí wọ́n á tẹ́ sórí àpò, kì í ṣe rọ́bà tá à ń pè ní lìnó lónìí. A gé e ní ìlà-ìlà, à ń ká a, ká tó mọ̀, pépà ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ìwé ìròyìn ni wọ́n tẹ́ láti ògiri dé ògiri kí ojú pákó má baà hàn lórí lìnó. Gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, ta ló ń ra nǹkan tí wọ́n á fi tẹ́lẹ̀ nígbà tí pépà àná wà nílé.

Bàbá kápẹ́ńtà ti fẹ́ máa ká a dà nù pẹ̀lú lìnó, mo ní Bàbá ẹ dúró ná. Mo kúnlẹ̀. Àwòrán ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ hàn, aṣọ ẹ̀ funfun ó wú bàǹtìbàǹtì, ojú ọ̀run tó wà lẹ́yìn ẹ̀ dúdú kirikiri, àkọlé gàdàgbà wà lókè tí ìdajì ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn lìnó. Igun tó yẹ kí déètì wà ti rún dà nù. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi déètì ṣe? Apollo 11 ni, ọjọ́ 20 oṣù July 1969 ni Armstrong àti Aldrin tẹ ilẹ̀ òṣùpá, tí Collins dúró sókè ń yí i po. Nígbà tí mo wá ka abala kejì, wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe já sínú òkun tí wọ́n sì ti sé wọn mọ́ ibì kan káwọn dókítà lè máa ṣọ́ wọn, ọjọ́ 24 oṣù yẹn ni wọ́n já sínú omi. Pépà náà ò lè ṣáájú ìyẹn.

Ẹ wò ó, ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré jù. Tí pépà bá jẹ́ ti ìparí July 1969, kò sọ pé ìparí July 1969 ni wọ́n tẹ́ lìnó. Ohun tó sọ ò ju pé kò lè jẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn lọ. Pépà òṣùpá gan-an ni irú èyí táwọn èèyàn ń tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ogún ọdún! Kọ́íìnì náà bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè bá kọ́íìnì tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún lábẹ́ pákó tí wọ́n kàn lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tá a wo àwọn pépà tó yí i ká, àwọn tí déètì wọn ṣì wà, ọdún kan náà ni gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó kọjá ẹ̀. Ẹni tó bá ń kó pépà jọ fún ogún ọdún ò ní bá ọdún kan ṣoṣo nílé. Ní tèmi, 1969 tàbí kété lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tẹ́ lìnó yẹn.

Kí n sọ bá a ṣe gbé e. Fọ́tò lákọ̀ọ́kọ́, ti gbogbo ilẹ̀ pátá láti orí àkàbà, kí rúlà wà nínú fọ́tò kéèyàn lè mọ bó ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà a kọ nọ́ńbà sórí tépù bébà, a lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ pépà kọ̀ọ̀kan (sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí pákó o, kì í ṣe sára ẹ̀), a ya àwòrán yàrá sínú ìwé, a kọ nọ́ńbà kan náà sínú ẹ̀. Àbúrò mi ní ọlọ́pàá ìwádìí la dà yìí. Ẹ jẹ́ ó wí, nọ́ńbà yẹn náà ló padà ràn wá lọ́wọ́.

Ògiri tó gun orí lìnó

Torí nígbà tá a ká lìnó dé ìdí ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, a rò pé ibẹ̀ ló máa dúró sí. Kò dúró. Ó gba abẹ́ ògiri kọjá sí òdìkejì, òun àti pépà tó wà lábẹ́ ẹ̀. Àbúrò mi tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ló kọ́kọ́ rí i, ó ní "Bọ̀dá mi, ẹ wá wo nǹkan."

Láti ọjọ́ tá a ti dé ilé yẹn ni Bàbá kápẹ́ńtà ti ń sọ pé ọmọ bíbí ilé ni ògiri yẹn, ó ní ká wo pákó tó wà nídìí ẹ̀, bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ ní ìlà mẹ́ta, bákan náà ló rí pẹ̀lú ti gbogbo ilé. Ojú ló sì ń wò, kò parọ́. Ṣùgbọ́n ògiri tó bá jókòó sórí lìnó, lìnó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀. A wá yọ pákó ìdí ògiri náà, a yí i padà, ẹ̀yìn ẹ̀ ló tú àṣírí: ihò ìṣó onígun mẹ́rin wà níbẹ̀ tí kò sí ìṣó kankan nínú wọn, ìṣó olórí róbótó ló wá dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò yẹn. Wọ́n tú u níbòmíì nínú ilé ni, wọ́n wá kàn án síbí kí ògiri tuntun lè dà bíi ti àtijọ́. Kápẹ́ńtà tó ṣe é mọṣẹ́. Bàbá náà gbà, ó kàn ń mi orí ni, ó ní "Ẹni yìí fẹ́ pa mí láyò."

Ẹ má fojú kéré ìṣó. Ìṣó onígun mẹ́rin tí ẹ̀rọ ń gé lára irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi kàn púpọ̀ nínú ilé tí wọ́n kọ́ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn ń lọ sópin ni ìṣó róbótó tí wọ́n ń fi wáyà ṣe gbapò lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo pákó ilẹ̀ wa ló ní ìṣó onígun mẹ́rin. Nínú ògiri yẹn, wáyà ni gbogbo ìṣó, súkúrù tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ olórí àgbélébùú, irú èyí tí Henry F. Phillips gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1936. Tẹ́ ẹ bá bá súkúrù Phillips nínú ohun tí wọ́n ní ó ti wà láti 1900, ẹ ti mọ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà.

A pe ẹńjíníà wá wò ó ká tó wó o, ó yẹ òkè wò, igi tó gbé àjà ò sinmi lé e rárá. A bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Níbi tí ògiri náà ti lọ pàdé ògiri àtijọ́, wọ́n ti fi pákó pílásítà bo ibì kan tó fẹ̀ bí ènìyàn méjì, ohun tá a bá lẹ́yìn ẹ̀ ni ilẹ̀kùn. Odidi ilẹ̀kùn pẹ̀lú férémù, ìwakùn ẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n kàn yọ ọwọ́ ẹ̀ ni, wọ́n fi bébà dí ihò kọ́kọ́rọ́. Ọ̀nà ilé ìdáná ni.

Ọ̀rọ̀ wá ń tò. Láti ìgbà tá a ti dé la ti ń rí bẹ́ẹ̀lì méjì lẹ́nu ọ̀nà, tá a ní bóyá ọ̀kan ló bàjẹ́. Lókè, páìpù omi kan wà nínú yàrá tí wọ́n ti dé lẹ́nu, kò sí sínkì níbẹ̀ ṣùgbọ́n ojú ibi tí sínkì ti kan ògiri rí ṣì wà. Ẹlẹ́tíríìkì náà ti bá ojú ibi tí pátákó fíúsì kejì wà tẹ́lẹ̀. Ògiri yẹn, ilẹ̀kùn tí wọ́n dí, bẹ́ẹ̀lì méjì, ilé ìdáná kejì lókè: wọ́n ti gé ilé náà sí méjì rí kí ìdílé méjì lè máa gbé e, ìyẹn sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ́ lìnó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa, kò sí nínú ìwé ilé. Ká ní a ká pépà òṣùpá yẹn dà nù níjọ́ àkọ́kọ́ ni, a ò bá má mọ ìgbà tó jẹ́.

Méje lọ́nà mẹ́sàn-án

Àǹfààní kan wà nínú ògiri tí wọ́n bá bò mọ́lẹ̀: oòrùn ò rí i. Bébà aláràbarà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àtijọ́ yẹn, wọ́ọ̀lùpépà, èyí tó wà níta ti ṣá pátápátá, èyí tó wà lẹ́yìn pákó pílásítà ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ó sì wà ní ìpele-ìpele, ẹni kọ̀ọ̀kan tó wọlé lẹ̀ ti ẹ̀ lé ti ẹni tó lọ. Tí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo ẹ̀, ẹ má ha á tán. Ohun táwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ṣí i bí àtẹ̀gùn: ẹ ṣí ìpele òkè níwọ̀n ọwọ́ kan, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, ẹ ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, títí ẹ ó fi kan pílásítà. Gbogbo ayé ilé náà á wà lójú kan, ẹ ya fọ́tò ẹ̀.

Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá jẹ́ aláwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ yòò, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́ látìgbà tá a ti rí i. Onímọ̀ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Scheele ló po àwọ̀ ewé kan ní 1775 láti ara bàbà àti arsenic, májèlé ni, ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì fi ń kun bébà ara ògiri láìmọye ilé. Ó lè jẹ́ òun, ó lè máà jẹ́ òun, kò kúkú yẹ kéèyàn fi imú wò ó. A fi náílọ́ọ̀nù bò ó, a gé díẹ̀ lọ fún láàbù pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí bébà ti ṣí fúnra ẹ̀ kúrò lára pílásítà, mo rí bí ìlà pẹ́ńsù. Tẹ́ ẹ bá na tọ́ọ̀ṣì sí i tààrà ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ ti tàn án, kí ìmọ́lẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ ra lójú ògiri, gbogbo ibi tí pẹ́ńsù ti tẹ̀ á hàn. Ìṣirò ni. Ẹni tó fẹ́ lẹ bébà ló ń ṣírò iye ìdì tó máa tó yàrá náà, ó kọ ọ́ báyìí: 7 × 9 = 64. Lábẹ́ ẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíì ti fàlà sí 64 yẹn ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó kọ 63, ó tẹ pẹ́ńsù náà débi tí pílásítà fi ya. Lẹ́yìn náà lẹ́tà méjì-méjì, orúkọ àwọn méjèèjì ní ìkékúrú. Bàbá kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí gálọ́ọ̀nù pẹ́ńtì, ó ní ọ̀gá ló tún un ṣe, ọ̀gá nìkan ló máa ń tẹ pẹ́ńsù báyẹn.

Pẹ́ńsù ló yẹ kéèyàn máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Yíǹkì máa ń ṣá, ó máa ń jẹ bébà, pẹ́ńsù kì í ṣá. Ẹ lọ ka ti Château de Picomtal ní orílẹ̀-èdè Faransé, ní àgbègbè Hautes-Alpes. Wọ́n ń tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe, wọ́n yí pákó padà, wọ́n bá a pé kápẹ́ńtà tó kàn án, Joachim Martin, ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí ẹ̀yìn pákó ní 1880 àti 1881. Kì í ṣe orúkọ nìkan. Ó kọ owó iṣẹ́, ó kọ ti ara ẹ̀, ó kọ àṣírí abúlé, títí kan ọmọ ìkókó tí wọ́n pa tí wọ́n sin sí ibùso ẹran. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé òun á ti kú kẹ́nikẹ́ni tó kà á, ìyẹn ló fún un lẹ́nu. Àwọn òpìtàn tó ń wá ohùn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìgbà yẹn kì í sábà rí i, torí ta ló bi wọ́n léèrè? Pákó ló bi òun.

Látìgbà náà, kò sí pákó tá a tú tí a ò yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ọ̀kan ní àmì ilé pákó tí wọ́n tẹ̀ sí i, ọ̀kan ní àwòrán ajá tó burú gan-an.

Wáyà àti bíléèdì

Ti wáyà ò gùn. Ẹlẹ́tíríìkì pa iná láti orísun kó tó ṣí ibikíbi, ẹ ṣáà rí i pé tiyín náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá lókè àjà ni wáyà méjì tó ń rìn lọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, aṣọ ni wọ́n fi wé wọn, bọ́tìnì tánganran ló gbé wọn kúrò lára igi, níbi tí wọ́n bá ti gba inú igi kọjá ọ̀pá tánganran ni wọ́n gbà. Irú ẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1880 títí dé àwọn ọdún 1930. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, mi ò lè purọ́, àmọ́ rọ́bà inú aṣọ yẹn ti gbẹ, ó ń já bọ́ tẹ́ ẹ bá mi í. A yọ gbogbo ẹ̀, mo tọ́jú tánganran kan sórí fèrèsé.

Ti balùwẹ̀ ló pa wá lẹ́rìn-ín. Kọ́bọ́ọ̀dù oníjígí tó wà lókè sínkì ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà fún. A ṣí ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀, bíléèdì ìfárùngbọ̀n ló rọ́ jáde, òkìtì ẹ̀, ó ti dípẹtà lẹ̀ mọ́ra. Látìgbà tí Gillette ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíléèdì tí wọ́n ń sọ nù ní 1903 làwọn èèyàn ti ń wá ibi tí wọ́n á sọ ọ́ sí tí ò ní gé ọmọdé, ojútùú àwọn tó ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ni pé kí wọ́n máa jù ú sáàárín ògiri. Tó bá kún ńkọ́? Wọ́n mọ̀ pé kò ní kún lójú tiwọn. Ìbọ̀wọ́ aláwọ ni kẹ́ ẹ wọ̀ o.

Bá a ṣe ń tọ́jú pépà

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ń pa ara ẹ̀ ni. Látìgbà tí wọ́n ti ń fi igi ṣe bébà, pàápàá láti àwọn ọdún 1870 wá, ásíìdì wà nínú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú títí á fi máa rún. Èyí tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí tí wọ́n fi àkísà ṣe máa ń le jù ú lọ, ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ẹ má fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má gbé e lọ fún àwọn tó ń fi náílọ́ọ̀nù wé káàdì, ohun tí wọ́n bá wé mọ́ ọn ò ní kúrò mọ́. Tó bá ká tó sì gan, ẹ má fagbára nà án. A fi tiwa sínú àpótí pẹ̀lú aṣọ tó tutù díẹ̀ láìjẹ́ kó kàn án, ó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ títí ó fi rọ̀, a wá nà án sáàárín bébà tí kò ní ásíìdì, ó wà nínú fáìlì pẹlẹbẹ níbi tí iná ò dé. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn lìnó, lìnó náà la gé, a tọ́jú wọn pọ̀.

Ìkánjú lórí bébà, owó ni. Ní Elbow Lake ní Minnesota, ní 2013, ọkùnrin kan ń tún ilé kan tó rà ṣe, ó bá ìwé àwòrán kan láàárín pépà tí wọ́n ki sínú ògiri nítorí òtútù. Action Comics nọ́ńbà kìíní ni, ti 1938, èyí tí Superman ti kọ́kọ́ jáde. Ìbátan kan já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀yìn ìwé ya, fààà. Wọ́n ṣì rí i tà ní 175,000 dọ́là, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ sọ pé yíya yẹn ti gé owó ńlá kúrò nínú ẹ̀.

Ohun tó wà nísàlẹ̀

Ibi tó kù tí ẹ̀rù ń bà mí ni ilẹ̀ balùwẹ̀ ìsàlẹ̀, torí omi ìdọ̀tí ò lọ dáadáa, a ní láti gbẹ́ ẹ. Àwọn tó mọ̀tàn Lecce ní Ítálì á mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Luciano Faggiano ra ilé kan níbẹ̀, ó fẹ́ ṣe ilé oúnjẹ, ṣáláńgá ibẹ̀ ń dí. Ní 2000, ó ní kóun àtàwọn ọmọ òun gbẹ́ ilẹ̀ wá páìpù, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni lójú ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kan ilẹ̀ mìíràn lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n tún gbẹ́, sàréè àwọn Messapia tó ti ń gbé ibẹ̀ káwọn ará Róòmù tó dé, ibi tí ará Róòmù ń kó ọkà sí, ilé ìsìn àwọn Franciscan. Àwọn aláṣẹ dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ní tó bá máa gbẹ́ ẹ, amòye gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló bá a lọ, kò rí ilé oúnjẹ ṣí síbẹ̀, ilé náà ti di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí báyìí, Museo Faggiano. Wọ́n rí páìpù náà ṣá o.

Tó bá jẹ́ eegun lẹ bá, ẹ jù ṣọ́bìrì sílẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá, ìyẹn kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín wádìí. Ní 1998 tí wọ́n ń tún ilé tí Benjamin Franklin, ọ̀kan lára àwọn tó dá orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sílẹ̀, gbé rí ṣe ní 36 Craven Street ní London, eegun èèyàn ni wọ́n wú ní ìsàlẹ̀ ilé, ó lé ní ẹgbẹ̀fà tá a bá ka èyí tó ṣẹ́. Kéèyàn tó sọ pé ta ló pa wọ́n, wọ́n rí i pé ó ti lé ní igba ọdún, pé William Hewson tó ń kọ́ àwọn ọmọ oníṣègùn ní ara èèyàn nínú ilé yẹn ló gé wọn. Ojú abẹ wà lára eegun, ihò wà lára agbárí. Ibi tí wọ́n ti bá wọn àti ohun tó wà pẹ̀lú wọn ló gba orúkọ Franklin sílẹ̀.

Ibi tá a dé

Wáyà ti parí. Ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti lọ, pálọ̀ ti mọ́lẹ̀, a fi pákó ìdí ògiri yẹn padà sí ibi tí ihò ìṣó onígun mẹ́rin ti bára mu, Bàbá kápẹ́ńtà ló fọwọ́ ara ẹ̀ dán ibi mẹ́ta wò kó tó bá a mu. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná máa ṣí padà, àmọ́ pẹ́ńtì ti sé àwọn súkúrù ìwakùn, òjé sì wà nínú ẹ̀, à ń fi omi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ògiri ìṣirò yẹn, a ò ní bò ó pátápátá, àbúrò mi ní ká fi gíláàsì sí i, ìyàwó mi ní ká fi bébà bò ó padà kó wà níbi tó wà, a ò tíì gbà. Láàbù ò tíì fèsì lórí bébà aláwọ̀ ewé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀, mo sì ti sọ fún bírikilà pé kó rọra, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wá ṣọ́bìrì tó gùn.